Omi Tí A Bọ́ Ní Àbọ́jù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni fún mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo rí i pé bí n kò bá sọ ọ́ fúnra mi, Ìyá Ẹlẹ́ja yóò bá mi sọ ọ́ láti ìsọ̀ rẹ̀ ní Arákalẹ̀ títí dé Ọjà Ọba. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu èmi tí mo ṣe é.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi gbẹ́ adágún omi kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé-ìwé wa, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Kò tóbi rárá: ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn, 12 ní ìbú. A fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, a sì fẹ́ tà nínú ẹja rẹ̀ kí a fi ra ìwé. Owó kò tó, ni mo bá tọ Ìyá Ẹlẹ́ja lọ. Ìyá yìí ti ń ta ẹja kí n tó mọ̀wé kà, ó sì mọ ìyá tó bí mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Tísà, ṣé inú ìwé ni o ti fẹ́ sin ẹja?" Mo ní, "Ìyá, ìwé náà wà, ọgbọ́n náà wà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ka 40,000 náírà sí mi lọ́wọ́, ó ní bí ẹja bá dàgbà, ọ̀dọ̀ òun ni kí n kọ́kọ́ gbé e wá. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

A ra ọmọ epìyà 150. Bàbá ọmọ kan fi àrọ̀ mẹ́rin ta wá lọ́rẹ, a dà wọ́n mọ́ ọn. Ìwé tí mo kà sọ pé kí a máa fi ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sínú omi, kí omi lè bí oúnjẹ fún ẹja. Òótọ́ ni ìwé sọ. "Díẹ̀" tí ó wà níbẹ̀ ni èmi kò kà dáadáa. Ẹnì kan tí ń sin adìẹ nítòsí wa ń wá ibi tí yóò da ìgbẹ́ adìẹ rẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ ni, èmi náà sì rò pé ohun tó dára ní ìwọ̀n igbá kan, yóò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àpò kan. Àpò kan di mẹ́ta. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, omi wa di àwọ̀ ewé, ó nípọn bí ọbẹ̀ ewédú. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ pe ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀run ṣú fún ọjọ́ méjì gbáko. Òjò kò rọ̀, oòrùn kò sì ràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kí agogo ilé-ìwé tó dún, ọmọ kan sáré wá bá mi, ó ní, "Sà, àwọn ẹja ń gbàdúrà." Mo tẹ̀ lé e. Gbogbo epìyà ló ti gbé ẹnu sí ojú omi, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé, àfi bí ẹni tí ń ṣe àmín. Kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n ti yí ikùn sókè. A ṣa 143 nínú wọn. Àwọn àrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ló ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Májèlé ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ní ọ̀tá ló ṣe é, wọ́n sì ti fẹ́ máa dárúkọ ọ̀tá náà. Kí n má purọ́, mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́, nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ojú ìtìjú dé ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Bí ó bá jẹ́ májèlé, kí ló dé tí àrọ̀ kò kú?"

Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo padà sí ìdí ìwé mi, èmi tí mo gba ìwé-ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo sì rí i pé ìyá tí kò ka ìwé kan ti dé ìdí ọ̀rọ̀ ṣáájú mi.

Bí ó ti rí nìyí. Ewéko kan wà nínú omi tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ìgbà tí ó bá pọ̀ ni a ó rí i pé omi di àwọ̀ ewé. Ewéko yìí kì í ṣe ọ̀tá. Òun ni oúnjẹ fún ọmọ ẹja, òun náà ló sì ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sínú omi nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun pẹ̀lú a máa mí bí ẹja ti ń mí, a sì máa fa nínú afẹ́fẹ́ kan náà. Bí ó bá mọ níwọ̀n, afẹ́fẹ́ á tó gbogbo wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n bí ajílẹ̀ bá sọ ọ́ di ọ̀kẹ́ àìmọye, tí èyí tó kú nínú rẹ̀ ń jẹrà nísàlẹ̀, tí ìjẹrà náà tún ń jẹ afẹ́fẹ́ tirẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ afẹ́fẹ́ ti tán pátá. Ìdí nìyí tí ẹja fi ń kú ní ìdájí, pàápàá lẹ́yìn ọjọ́ tí oòrùn kò ràn. Àrọ̀ ní tirẹ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè bí èmi àti ẹ̀yin. Yóò yọjú, yóò gbà á sínú, yóò padà sísàlẹ̀. Májèlé ìbá pa á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ebi afẹ́fẹ́ ló pa wọ́n, èmi ni mo sì fi oúnjẹ dá ebi náà sílẹ̀.

Àwa Yorùbá a máa fi ojúoró àti òṣíbàtà ṣe àdúrà, pé bí wọ́n ti ń lékè omi ni kí àwa náà máa lékè. Àdúrà rere ni, mo sì ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí ohun tó lékè bá bo gbogbo ojú omi.

Ohun tó ṣe adágún ilé-ìwé wa kò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe àwọn adágún ńláńlá káàkiri ayé. Oríṣi ajílẹ̀ méjì ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1973, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ David Schindler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú adágún kan ní ìpínlẹ̀ Ontario ní ilẹ̀ Kánádà, èyí tí wọ́n ń pè ní adágún 226, wọ́n fi ìkélé gé e sí méjì. Wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí. Apá yẹn di àwọ̀ ewé pátápátá. Ìkejì wà bí ó ti wà. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ láti ojú ọ̀run, ọmọ kíláàsì kejì tó bá wò ó yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Ní àkókò náà, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń jiyàn pé ẹ̀bi kì í ṣe ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú ọṣẹ àwọn. Adágún náà ti dá wọn lóhùn.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wà nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀, ti ènìyàn àti ti ẹran. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, nínú ajílẹ̀ òyìnbó, nínú oúnjẹ tó bàjẹ́, ó sì ti wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ọṣẹ lúbúlúbú tí a fi ń fọ aṣọ. Ẹ bá mi rìn ní Arákalẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ìyá kan ń fọ aṣọ, ìfófòó rẹ̀ wọ gọ́tà. Olóúnjẹ ń ṣan ìkòkò, ó wọ gọ́tà. Ẹlòmíràn ń ṣan ibi tí ewúrẹ́ sùn, ó wọ gọ́tà. Bí òjò bá sì ṣú, ẹ ó rí àwọn tí wọ́n ń gbé pàǹtí jáde kí àgbàrá lè bá wọn gbé e lọ. Èmi náà ti ṣe é rí. N kò lè fi ìka na ẹnikẹ́ni.

Níbo ni ó ń lọ? Odò Àlà ni, èyí tó gba àárín ìlú Àkúrẹ́ kọjá, tó sì ń lọ bá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Omi tó ń ṣàn kì í tètè di àwọ̀ ewé, nítorí kì í dúró. Èyí ló ń tàn wá jẹ. A rí i pé ó ti gbé e lọ, a rò pé ó ti tán. Kò tán, ó gbé e lọ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi yóò ti dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń dúró sí, kí ó dé Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Ní 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ìlú lè rí omi mu. Lónìí, ilé ti yí i ká, ohun tí ilé wọ̀nyí ń dà nù sì ń bá òjò wọ inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ń kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ewéko sì ń bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn àgbàrá ńlá ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ó gba ẹ̀mí púpọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n fi owó tí Báńkì Àgbáyé yá wa ṣe àtúnṣe ìsédò náà. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ògiri ìsédò kò lè dí ohun tó ń ti ẹ̀yìnkùlé wa wọlé.

Ìyàwó mi bi mí pé bí omi bá tilẹ̀ di àwọ̀ ewé, ṣé a kò lè sè é kí a mu ún? Ìbéèrè gidi ni, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ sọ́kàn. Irú kan nínú ewéko wíńníwíńní wọ̀nyí ń tu oró sínú omi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ó wọ inú omi ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, láti adágún Erie, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn tó lé ní 400,000 má fẹnu kan omi ẹ̀rọ wọn rárá. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sè é. Iná kì í pa oró náà. Omi ni yóò gbẹ, oró yóò kù, yóò sì le sí i.

Nígbà náà, kí ni a lè ṣe sí omi tó ti bàjẹ́? Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni kí a fa ewéko rẹ̀ tu. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ará ìhà Àjàṣẹ́, nítorí wọ́n ti jìyà nǹkan yìí jù wá lọ. Ewéko kan ń bẹ tí òdòdó rẹ̀ rẹwà, àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Water hyacinth ni òyìnbó ń pè é, Gúúsù Amẹ́ríkà sì ni ilé rẹ̀. Ní 1984 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní omi Àgbádárìgì, ó gba ojú omi láti ilẹ̀ Benin wọlé, kò sì pẹ́ tó fi dé Èkó àti ojú omi àwọn Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níhìn-ín. Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà, àwọ̀n kò ṣe é dà. Bí oúnjẹ bá pọ̀ nínú omi, ó lè di ìlọ́po méjì láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tú kòkòrò kékeré kan sí i ní Benin láti 1991. Ewéko yẹn ni oúnjẹ kòkòrò náà, kì í jẹ ohun ọ̀gbìn wa. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 sọ pé nígbà tí ewéko náà le jù, nǹkan bí mílíọ̀nù 84 dọ́là ló ń gbà lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí 200,000 tó ń gbé ní agbègbè omi náà. Kòkòrò dá mílíọ̀nù 30.5 dọ́là padà fún wọn lọ́dọọdún. Gbogbo ohun tí wọ́n sì ná sórí iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 2.09 dọ́là. Bí ọjà kan bá wà tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá ní Ọjà Ọba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí.

Síbẹ̀, kòkòrò jẹ ewé, kò dí ọ̀nà oúnjẹ ewé. Títí di òní, ní ọ̀sà Nokoué tí wọ́n kọ́ ìlú Ganvié sórí rẹ̀, bí omi òjò bá ti lé omi iyọ̀ padà, ewéko náà tún ń yọjú. Fífà á tu dára bí a bá gbé e jìnnà, nítorí ajílẹ̀ tó ti mu ti bá a jáde nìyẹn; ṣùgbọ́n ẹni tó fà á tó sì kó o jọ sí etí omi, òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá gbogbo rẹ̀ padà. Ní Ìbàdàn, obìnrin kan tí ń jẹ́ Achenyo Idachaba fi gbígbẹ rẹ̀ hun apẹ̀rẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ tà, ọgbọ́n tó wù mí púpọ̀ ni.

Ibi tí wọ́n ti dí ọ̀nà oúnjẹ gan-an ni Seattle ní Amẹ́ríkà, níbi adágún Washington. Omi ìdọ̀tí láti àwọn ilé ìsẹ́mi tó yí i ká ló ń wọ inú rẹ̀. Ní 1955, olùkọ́ yunifásítì kan, W. T. Edmondson, rí i pé irú ewéko kan tó ti ba adágún jẹ́ ní Yúróòpù ti dé síbẹ̀. Ó pariwo. Ní 1958 àwọn ará ìlú dìbò, wọ́n gbà láti ti àpò ara wọn san owó. Láàrin 1963 sí 1968, wọ́n fi páìpù darí omi ìdọ̀tí náà sí ìhà òkun. Ní 1964, ojú ènìyàn kò ríran kọjá ínǹṣì 30 nínú omi náà. Ní 1968 ó ń ríran dé ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹnikẹ́ni kò fa ewéko tu. Oúnjẹ ni wọ́n dá dúró. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́: adágún jíjìn ni, ìyà kò sì tíì jẹ ẹ́ pẹ́. Adágún tí kò jìn, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti mu ajílẹ̀ yó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í tètè gbọ́, nítorí ẹrẹ̀ náà á máa pọ ajílẹ̀ padà sínú omi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé àdúgbò. Bàbá onílé kan dìde, ó ní, "Tísà, ẹ kú àlàyé. Ibo ni kí a wá da omi ọṣẹ sí? Sí orí ibùsùn?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá náà jàre. Ní púpọ̀ jùlọ nínú ìlú wa, ìjọba kò ri páìpù ìdọ̀tí sí abẹ́ ilẹ̀, wọ́n kàn la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n sì ń bá wa wí pé a ń lò ó. Ó yẹ kí a máa bi wọ́n léèrè iṣẹ́ yìí, pàápàá nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi ṣe é, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Omi tí a fi ṣan ìkòkò àti ibi ẹran, bí a bá dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, oúnjẹ ló rí. Ilé tí kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbẹ́ kòtò, kí ó kó òkúta sí i, kí ilẹ̀ máa mu omi náà díẹ̀díẹ̀, bí kò bá ti sí kànga nítòsí. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó pa ẹja mi, àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ ń wá a kiri. Àwọn tó sì ń dáko létí Àlà, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi koríko sílẹ̀ ní bèbè odò, kí wọ́n má ro ó dé ẹnu omi. Koríko náà ni yóò kọ́kọ́ gba ajílẹ̀ lọ́nà. Onílé mẹ́ta ti gbẹ́ kòtò tiwọn. Bàbá tó bi mí léèrè ibùsùn kò tíì gbẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní ti adágún wa, èmi àti àwọn ọmọ gbọ́n omi rẹ̀ sí oko ilé-ìwé, a sì kó ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Ìyá Ẹlẹ́ja rán ọmọ wá kó àpò mẹ́jọ lọ sí ìdí ewédú rẹ̀. Ewédú náà hù débi pé ó yọ 5,000 náírà kúrò nínú gbèsè mi. Ó ku 35,000. A ti da ọmọ epìyà 60 mìíràn sí i. Ní báyìí, kí a tó fi ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ adìẹ kan sínú omi, a ń ti apá bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Bí a kò bá rí àtẹ́lẹwọ́ wa mọ́ kí omi tó dé ìgúnpá, omi ti yó nìyẹn, a kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan. Ìyá kò gbà kí n fi apá tèmi wọ̀n ọ́n. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ rẹ̀ ń wá láti Arákalẹ̀, ó ń ká apá aṣọ sókè, ó ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń lọ jíṣẹ́ fún ìyá rẹ̀.